Sí Rọ́fíà, Lórí Ọ̀rọ̀ Alhaji Ìpájà Tí Mi Ò Rántí

Rọ́fíà, Àṣàkẹ́ mi,

Inú ìwé tí mo fi ń kọ iṣẹ́ sílẹ̀ ni mo ti fa àwọn ewé yìí ya, nítorí náà bí o bá rí gíríìsì létí wọn, má bínú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbìyànjú láti bá ọ sọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù. Bí mo bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wàá ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a wà nínú ìpàdé," èmi náà á sì gbàgbé ibi tí mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ gbà. Ìwé ò lè dí ìpàdé lọ́wọ́. Bí o bá kà á tí kò yé ọ, tún un kà. Bí kò bá tún yé ọ, a jẹ́ pé bó ṣe rí lọ́kàn èmi tó kọ ọ́ náà nìyẹn.

Alhamdulillahi fún iṣẹ́ tuntun tí o rí ní Ìkẹjà, àti fún yàrá tí ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ gbà ní Onígbòǹgbò. Ọlọ́run á fi alùbáríkà sí i. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún ọ, iṣẹ́ náà ò tíì yé mi. Ẹ̀gbọ́n mi pè láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ní, "Kí gan-an ni Rọ́fíà ń ṣe níbi iṣẹ́?" Mo ní o ń bá àwọn oníṣòwò kéékèèké gbé ṣọ́ọ̀bù wọn sórí fóònù, kí ẹni tó bá ń wá aránṣọ tàbí alágbàfọ̀ ládùúgbò lè tètè rí wọn. Wọ́n ní, "Ṣé ṣọ́ọ̀bù náà sọnù ni?" Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Kí ló wá dé tí wọn ò rí i?" Mo ní fóònù mi ti fẹ́ kú.

Síbẹ̀, mi ò lè sọ pé iṣẹ́ náà ò dára, torí lára mi lo ti kọ́kọ́ kọ́ ọ. Ṣé o rántí Sátidé tí o wá sí ṣọ́ọ̀bù ní Agége? O ya àwòrán iwájú ilé, o ya àwòrán àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì tó wà nílẹ̀ fún àtúnṣe, o ya èmi náà nínú aṣọ iṣẹ́. O bi mí ní agogo tí mo ń ṣí àti agogo tí mo ń tì. O ní kí n dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn gan-an kí àmì orí máàpù lè bọ́ síbi tó yẹ. Mo dúró. Mi ò mọ ohun tí mo ń dúró fún, ṣùgbọ́n mo dúró. Kò pé oṣù kan, obìnrin kan ti Ìjú gbé gíà tó ti jẹ wá, ó ní fóònù ló júwe mi fún òun. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnì kan ló mú un wá. Kò sí ẹnì kankan.

Ibi tí ìdààmú mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ìyá rẹ ló máa ń ka ohun tí àwọn oníbàárà bá kọ nípa mi sórí fóònù fún mi, torí ojú mi ò gba lẹ́tà wínníwínní mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kà á sí mi létí pé: "Mo ní ilé búrẹ́dì ní Ìpájà. Ẹ̀rọ wa ṣàdédé dákẹ́. Kò tó wákàtí kan tí Bàbá Mùfútáù fi dé, wọ́n sì tún un ṣe láìyọ wá lẹ́nu. Èèyàn gidi ni wọ́n." Alhaji Súlè ni orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ó fún mi ní ìràwọ̀ márààrún.

Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà mo ní, "Alhaji Súlè wo?"

Ìyá rẹ ní, "Ti Ìpájà."

Mo ní, "Mi ò dé Ìpájà láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀."

Ó ní, "Bóyá ẹ gbàgbé ni, Bàbá Rọ́fíà."

Kò ní ohun búburú kankan lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ara mi tutù. O kéré púpọ̀ nígbà tí bàbá mi kú, o ò mọ bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe parí. Orúkọ oníbàárà ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbàgbé. Lẹ́yìn náà, ọ̀nà mọ́sálásí. Lẹ́yìn náà, èmi. Mo jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ kan, wọ́n wò mí tìfẹ́tìfẹ́, wọ́n ní, "Ọmọ ta ni ọ́?" Láti ìgbà tí irun mi ti ń funfun ni mo ti ń retí àìsàn yẹn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ìyá rẹ gan-an ò mọ̀. Nígbà tó wá ní bóyá mo gbàgbé, mo ní lọ́kàn ara mi pé, ó ti dé.

Mo tú ìwé iṣẹ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, mi ò rí Súlè kankan. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta bẹ́árìn fún mi bóyá mo ti mẹ́nu ba irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní òun ò rántí. Ó wá di pé ọkàn mi ń ṣe iṣẹ́ tí mi ò bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo ti ń rí irùngbọ̀n Alhaji náà. Mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ irú fìlà tó dé. Ṣé o rí ohun tí ojú bàbá rẹ rí? Mo ń rántí ẹni tí mi ò pàdé rí.

Nígbà tí mi ò lè fara dà á mọ́, mo ti ṣọ́ọ̀bù láàárín ọjọ́, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìpájà. Mo béèrè ní ilé búrẹ́dì mẹ́ta, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ìkẹrin wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláṣọ funfun kan. Obìnrin tó ni ín jáde sí mi, ìyẹ̀fun dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ìyá Tóyìn ni wọ́n ń pè é.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Alhaji Súlè ni mò ń wá, èyí tó ní ilé búrẹ́dì."

Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe búrẹ́dì níbí, bàbá. Kò sí Alhaji Súlè kankan nínú wa. Kí lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn?"

Mo ní, "Mo fẹ́ bi wọ́n léèrè bóyá mo ti wá síbí rí ni."

Ó wò mí. Ó rọra fà bẹ́ǹṣì kan wá, ó ní kí n jókòó, ó bu omi fún mi. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, irú ohùn tí wọ́n fi ń bá ọmọdé tó sọnù lọ́jà sọ̀rọ̀: "Bàbá, ta ni ká pè fún yín nílé?"

Mo fẹ́ sọ fún un pé kò sí ohun tó ṣe mí. Ṣùgbọ́n kò dá èmi gan-an lójú mọ́. Mo fún un ní nọ́ńbà rẹ.

O mọ èyí tó kù, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe gbọ́ ọ ní tèmi. O ní, "Bàbá, kí lẹ wá lọ sí Ìpájà?" Mo ní Alhaji Súlè ni mò ń wá. O wá ní, "Kò sí Alhaji Súlè, Bàbá. Èmi ni mo kọ ọ́. Mo fẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù yín gòkè ni. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀." Lẹ́yìn náà ni o bú sẹ́kún.

Inú mi dùn pé orí mi ṣì pé. Inú mi bàjẹ́ pé ìwọ lo kọ ọ́. Mi ò lè sọ èyí tó kọ́kọ́ dé nínú méjèèjì. Nínú ẹkún yẹn náà lo ti sọ fún mi pé ọ̀gá yín ní ọ́fíìsì ti ń há orúkọ èké fún yín, pé kí ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ ìyìn bí oníbàárà fún àwọn tó bá gbé iṣẹ́ wá. Pé ó tún ní kí o lọ fi sórí máàpù pé ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ti kógbá wọlé, bẹ́ẹ̀ kò kógbá wọlé, torí mẹkáníìkì kejì ládùúgbò náà ni oníbàárà yín. O ní ó rú ọ lójú. O ní ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà nìyẹn, àbí ìwọ lo ya òmùgọ̀.

Mi ò bá ọ wí lọ́jọ́ náà, kì í sì í ṣe sùúrù ló fà á. Ọ̀rọ̀ kan ló ń bẹ lọ́rùn èmi náà, mi ò sì sọ ọ́ fún ọmọ mi kankan rí.

O mọ Bàbá Káfáyà, tó gbé ọ lọ síléèwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí o ń sunkún pé o ò lọ. Làmídì ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀gá kan náà ló kọ́ wa níṣẹ́, Làmídì gba ìyọ̀ǹda ṣáájú mi. Nígbà tí èmi náà dá dúró ní Agége, ó ti ní orúkọ. Ó ní pátákó kan ní kọ̀rọ̀ títì, tí a ya ọfà sí: ọfà náà ń júwe ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lápá ọ̀tún. Apá òsì ni tèmi wà, ẹnikẹ́ni ò sì yà síbẹ̀. Mo máa ń jókòó láti àárọ̀ títí di ìrun Àsárì láìfọwọ́ kan irin.

Lọ́jọ́ kan tí òjò lé gbogbo èèyàn kúrò ní títì, mo lọ síbẹ̀, mo dì mọ́ òpó pátákó náà, mo yí i. Kò ju bí ẹni yí ọmọrí ìkòkò lọ. Ọfà kọjú sí òsì. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé tọ̀ mí wá, wọ́n á ní, "Ṣé ibí ni?" Màá ní, "Ẹ wọlé, kí ló ṣe ẹ̀rọ yín?" Mi ò pe ara mi ní Làmídì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo máa ń fi ìyẹn tu ara mi nínú.

Ìyá Làmídì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí Làmídì lọ bá wọn ṣe Iléyá, kí n tó yí pátákó, ó ti sọ fún wọn pé, "Ìyá mi, ìgbàkígbà tí ẹ bá wá, ẹ tẹ̀lé ọfà." Wọ́n wá lóòótọ́ láìránṣẹ́ ṣáájú, àwọn àti ẹrù gàrí wọn. Wọ́n tẹ̀lé ọfà. Èmi ò sí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, mo ti lọ ra gíà. Nígbà tí wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì, wọ́n rò pé iwájú ṣì ni, wọ́n ń lọ. Wọ́n kọjá ọjà, wọ́n kọjá ojú irin. Ìrọ̀lẹ́ ni àwọn kan bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí lórí ẹrù wọn, ẹsẹ̀ wọn ti wú, wọ́n ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá dúró pé, "Ọfà ló ní kí n gba ibí."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Làmídì wá bá mi. Kò pariwo. Ó ní, "Mùfú, ìwọ lo yí pátákó mi."

Mo gbé irin tó wà lọ́wọ́ mi kalẹ̀.

Ó ní, "Ọjọ́ tí o yí i gan-an ni mo ti rí i. Mo ní kí n fi ọ́ sílẹ̀, pé ebi ló ń pa ọ́, pé bí o bá yó wàá dá a padà fúnra rẹ."

Mo ní, "Mi ò mọ̀ pé Ìyá ń bọ̀."

Ó ní, "Ẹni tó bá yí ọfà ò lè mọ ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà."

Ó lé lọ́dún kan kí ó tó dá ìkíni mi lóhùn. Ó padà dárí jì mí, o sì mọ bí a ṣe rí lónìí. Ṣùgbọ́n Ìyá ò mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà títí wọ́n fi kú. Ojú tì mí láti sọ ọ́, Làmídì náà sì bò mí láṣìírí. Wọ́n gbà pé ojú àwọn ló ti ń ṣe bàìbàì, pé àwọn ò lè ka ọfà mọ́. Láti ọjọ́ náà wọn ò dá jáde mọ́, bẹ́ẹ̀ ojú wọn mọ́ kedere. Orí bẹ́ǹṣì Ìyá Tóyìn ni ohun tí mo ṣe fún Ìyá Làmídì ti tó yé mi, lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí. Mo jẹ́ kí wọ́n má gba ara wọn gbọ́ mọ́.

Àṣàkẹ́ mi, ìmọ̀ràn tí mo ní kò tò dáadáa, gbà á bẹ́ẹ̀.

Èkíní, má ṣe dá oníbàárà tí kò sí. O rò pé ẹnikẹ́ni ò ní farapa, pé ìràwọ̀ lásán ni. Ẹni tó máa gba irọ́ náà gbọ́ ni o ò mọ̀, ó sì lè jẹ́ ẹni tí o fẹ́ ràn lọ́wọ́ gan-an.

Èkejì, ohun tí ṣọ́ọ̀bù bá ń ṣe ni kí o kọ sílẹ̀ fún un. Nígbà tí mo ṣe káàdì àkọ́kọ́, mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé a ń tún gbogbo ẹ̀rọ ṣe. Ọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ńlá wá láti ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Ojú tì mí láti sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n. Mo tú u, mi ò lè tò ó padà. Inú garawa ló gbé e lọ sílé. Ó kàn ń wo inú garawa náà.

Ẹ̀kẹta, ṣé o rántí ẹni tó fún mi ní ìràwọ̀ kan, tó ní mo fi òun dúró láti àárọ̀? O ní o mọ bí wọ́n ṣe ń yọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò. Má yọ ọ́. Òótọ́ ló sọ. Mo ti ní kí ìyá rẹ kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé, "Mo pẹ́ lóòótọ́, ẹ dárí jì mí." Ẹni náà kò padà wá. Ṣùgbọ́n oníbàárà mìíràn sọ fún mi pé ìdáhùn yẹn gan-an ni òun kà tí òun fi wá. Èyí náà ò yé mi, mo kàn ń sọ fún ọ.

Kí n tó gbàgbé, tún aago tí mo ń ṣí lọ́jọ́ Jímọ̀ ṣe fún mi lórí fóònù. Ó wà níbẹ̀ pé mo ṣí láàárín ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ mọ́sálásí ni mo máa ń wà. Ẹnì kan wá bá ilẹ̀kùn ní títì. Irọ́ kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ló ń rìn ín.

Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀kẹrin ni mo wà tàbí ẹ̀karùn-ún. Èyí ló wúwo jù: má bá wọn ti ilẹ̀kùn ẹni tó ṣílẹ̀kùn. Mẹkáníìkì yẹn á jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á máa wo títì, kò ní mọ ohun tó dé tí ẹnikẹ́ni ò yà mọ́. Á rò pé ọwọ́ òun ni kò dára mọ́. Mo ti jókòó bẹ́ẹ̀ rí, mo mọ bó ṣe ń ṣe èèyàn. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bí ó bá jẹ́ pé èyí nìkan ni ọ̀nà tí ọ̀gá yín mọ̀, kò tíì mọ ọjà.

Ó ku ohun kan tí mi ò mọ ibi tí màá tò ó sí. Bí mo ṣe jókòó lórí bẹ́ǹṣì Ìyá Tóyìn lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ rẹ̀ ń han nínú ilé. Etí mi ò jẹ́ kí n gbádùn omi tí mò ń mu. Mo ní, "Bẹ́árìn apá ìsàlẹ̀ ti ń lọ." Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin mọ ẹ̀rọ?" Mo padà lọ pẹ̀lú irinṣẹ́, mo pààrọ̀ rẹ̀, ó sì ti mú ilé búrẹ́dì méjì mìíràn wá bá mi. Tí o ò bá parọ́ yẹn, mi ò ní mọ̀ ọ́n. Kí ni kí n pe èyí? Mo ti bi ìyá rẹ, ó ní Ọlọ́run ló ń lo ohun tó bá wù ú. Mo ti bi Làmídì, ó kàn rẹ́rìn-ín. Mi ò fẹ́ kí o rí i bí ẹ̀rí pé irọ́ dára. Mi ò sì lè díbọ́n pé kò ṣẹlẹ̀. Bí ó bá yé ọ ju èmi lọ, kọ̀wé sí mi.

Ní ti ọ̀gá yín, wá àyè bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé, kí ẹ̀yin méjì nìkan wà níbẹ̀. Má ṣe pè é ní òpùrọ́. Sọ fún un pé wàá ya àwòrán tó dára fún gbogbo oníbàárà, wàá fi àmì wọn síbi tó yẹ, wàá máa dá àwọn tó bá kọ̀wé sí wọn lóhùn, ṣùgbọ́n méjì yẹn, ìyìn èké àti títi ṣọ́ọ̀bù tó ṣí, ni o ò ní lè ṣe. Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, sọ fún un pé bàbá rẹ ló ní kí o má ṣe é. Di ẹ̀bi náà rù mí. Mo ti dàgbà, ó gbà lórí mi.

Bí ó bá gbọ́, ẹ jọ máa ṣiṣẹ́ lọ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáájú. Bí ó bá ní kí o máa lọ, má dúró bá a jiyàn. Kó ìwé rẹ, wọ ọkọ̀ Agége, máa bọ̀ nílé. Ẹnikẹ́ni nínú èmi àti ìyá rẹ ò ní bi ọ́ léèrè ohunkóhun títí wàá fi jẹun tán.

Èmi ni bàbá rẹ tí ọ̀rọ̀ ń rú lójú, tí kò sì dẹ́kun àdúrà fún ọ,

Mùfútáù